Ṣé Kí Ọmọ Wa Lọ Sí Pólì, Àbí Kó Jókòó De Yunifásítì?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lójú ìwé yìí lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í ṣe ti àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, kì í sì í ṣe ti ọkọ̀ tòmátò tó dúró sọ́nà títí ẹrù fi jẹrà. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Ọmọ tó ti ṣe WAEC tán, tó jókòó sí ìsọ̀ ìyá rẹ̀ ní Anthony tàbí ní Kétu, tó ń tẹ fóònù láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Tí a bá bi ìyá rẹ̀ pé kí ni ọmọ ń ṣe báyìí, á ní, "Ó ń dúró de JAMB ni." Tí a bá tún bi í lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìdáhùn kan náà ni. Lọ́dún kẹta, ìyá á ti máa bínú, á ní ẹ má da òun láàmú, ṣé ẹ̀yin lẹ ń bá òun bọ́ ọ ni.

A kò sọ ọ́ láti fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Púpọ̀ nínú wa ni ọ̀rọ̀ náà wà nílé wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a máa ń gbọ́ tó ń dùn wá, òun la sì fẹ́ bá ara wa sọ láìfi sábẹ́ ahọ́n. Ọmọ á gba máàkì tó lè gbé e wọ pólì, ìyá á ní, "Ọmọ tèmi ò ní lọ sí pólì o, yunifásítì ni." Wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni pé ẹ̀wọ̀n ni pólì, bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn tí orí wọn kò pé lọ. Ta ló kọ́ wa lọ́rọ̀ yìí? Àwa tí a ń fi ojú ara wa wo ọjà kí a tó rà á, kí ló dé tí a ń fi ẹnu ẹlòmíràn ra ti ilé-ìwé?

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an. Lọ́dún 2025, àwọn ọmọ tó ṣe ìdánwò JAMB lé ní 1,900,000. Nínú 400 máàkì tó wà níbẹ̀, ọmọ mẹ́ta nínú mẹ́rin ni kò tó 200. Lọ́dún yẹn kan náà ni àṣìṣe wọnú ẹ̀rọ JAMB fúnra rẹ̀, tí àwọn ọmọ 379,997 ní ìpínlẹ̀ Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò fi rí máàkì tí kì í ṣe tiwọn. Èkó nìkan lé ní 200,000 nínú wọn. Ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèédé, bọ́ síta, ó sunkún lójú gbogbo ayé, ó tọrọ àforíjì, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ náà wá tún un ṣe. Ìròyìn tilẹ̀ gbé e pé ọmọbìnrin kan ti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ nítorí èsì náà. Ẹ̀yin ìyá, ẹ dúró díẹ̀ lórí ìyẹn. Ìdánwò tí ẹ̀rọ lè ṣì kà, òun la gbé ayé ọmọ lé lórí pátápátá, tí a ń sọ fún un pé tí kò bá gba iye báyìí báyìí, ó ti dójú ti ìdílé.

Nígbà tí wọ́n ṣe ìpàdé lórí máàkì ìgbaniwọlé lọ́dún 2025, wọ́n fi ti yunifásítì sí 150 ó kéré tán, wọ́n fi ti pólì àti ti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ sí 100. Kálukú ilé-ìwé lè béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tó lórúkọ sì máa ń béèrè jù ú lọ dáadáa. Àwọn kan ń fi èyí bú pólì, wọ́n ní ẹnu ọ̀nà gbogboogbò ni. A ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tó gbòòrò kò ní kí inú ilé má dára. Ohun tí ọmọ bá ṣe nínú ilé ló kù.

Fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n, báyìí ni pólì ṣe ń lọ. Ọdún méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń gba ND. Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ á lọ ṣiṣẹ́ ọdún kan níta, èyí tí wọ́n ń pè ní IT, níbi tí á ti fi ọwọ́ kan iṣẹ́ tó kọ́ nínú ìwé. Lẹ́yìn IT, ọ̀nà pín. Ó lè padà lọ lo ọdún méjì mìíràn, kó gba HND. Ó sì lè fi ND rẹ̀ gba fọ́ọ̀mù Direct Entry lọ́dọ̀ JAMB, kó bọ́ sí ọdún kejì ní yunifásítì, 200 level, láì ṣe ìdánwò tí gbogbo ayé ń ṣe yẹn mọ́. Ó tún lè dúró síbi iṣẹ́, kó máa jẹun, tí ọkàn rẹ̀ bá tún fẹ́ ìwé lọ́la, ND náà kò ní sá lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ìṣirò ọjà ṣe é. Ọmọ méjì jáde WAEC lọ́dún 2022. Ọ̀kan jókòó de yunifásítì, ó ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mẹta, ó wọlé lọ́dún 2025. Tí kóòsì rẹ̀ bá jẹ́ ọlọ́dún mẹ́rin, tí ìyanṣẹ́lódì kò sì dá a dúró, á jáde lọ́dún 2029. Èkejì lọ sí pólì lọ́dún 2022, ó parí ND lọ́dún 2024, ó ṣe IT títí di 2025, ó gba Direct Entry sí 200 level, ọdún mẹ́ta ló kù fún un, á jáde lọ́dún 2028. Ó fi ọdún kan ṣáájú ẹni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kó dà, ká ní owó tán lójijì lọ́dún 2024, ká ní ìyá ṣàìsàn, tàbí ọjà jóná, ìwé kan ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló wà lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́? Nínú wa níbí, ta ló ń gbé ẹrù pamọ́ fún ọdún mẹ́ta nítorí pé ó ń retí oníbàárà kan ṣoṣo?

A gbọ́dọ̀ fi kún un o, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a tàn òun. Direct Entry kì í ṣe ẹ̀tọ́ tí wọ́n kàn ń nà sí èèyàn. Ààyè rẹ̀ kò pọ̀, yunifásítì a sì máa fẹ́ kí ND ọmọ dára, upper credit ni púpọ̀ nínú wọn ń béèrè. Ọmọ tó bá lọ ṣeré ní pólì, ibi tó fẹ́ ti ibẹ̀ kọjá sí lè ṣòro fún un láti dé.

Ẹ̀yin tí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ pólì ẹ̀yìn, yunifásítì iwájú, ọ̀rọ̀ àná ni, ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn kékeré kan. Ní Yábàá níbí ni ìjọba òyìnbó ti ṣí Yaba Higher College, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1934. Ilé-ìwé gíga ni, ṣùgbọ́n kì í fúnni ní digirí bíi ti ìlú òyìnbó. Ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ ni wọ́n ń gbà, ìjọba a sì fi wọ́n sí ipò tó rẹlẹ̀ sí ti ẹni tó ti London dé. Inú bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló mú kí àwọn bíi Ernest Ikoli, Samuel Akínsànyà, Dókítà J. C. Vaughan àti H. O. Davies dá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1934, ẹgbẹ́ tó wá di Nigerian Youth Movement. Ẹ ò rí nǹkan? Ẹgbẹ́ òṣèlú tó mi Èkó tìtì nígbà náà, orí ìjà sátífíkéètì ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì dá kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1948, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yábàá yìí ni wọ́n kó lọ láti fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ní ìwé wọn kò tó, àwọn náà ni wọ́n fi pilẹ̀ yunifásítì. Yaba College of Technology tí a mọ̀ lónìí, Yábàtẹ́ẹ̀kì, ọdún 1947 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ó dàgbà ju UNILAG tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1962 lọ.

Ṣùgbọ́n ìjà tí àwọn ọ̀dọ́ 1934 ń jà kò tíì tán, èyí ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti korò, a kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Láti ọdún gbọọrọ ni iṣẹ́ ìjọba ti ń ya HND sọ́tọ̀ kúrò lára digirí. Ẹni tó ní digirí a máa wọlé ní ìpele 08, ẹni tó ní HND a wọlé ní ìpele 07, tó bá sì gòkè dé ìpele 14, wọ́n á ní kó dúró síbẹ̀. Àwọn báńkì àti ilé-iṣẹ́ ńlá náà ń ṣe tiwọn. Tí HND bá fẹ́ ka másítà, wọ́n sábà máa ń ní kó kọ́kọ́ lọ ka ọdún kan sí i. Lọ́dún 2021, àwọn aṣòfin ní Àbújá fọwọ́ sí àbádòfin pé kí ìyàsọ́tọ̀ náà dópin. A gbọ́, inú wa dùn. Síbẹ̀, tí a bá bi àwọn ọmọ wa tó ń wá iṣẹ́ kiri, wọ́n á sọ pé ẹni tó ń ka ìwé ìbéèrè fún iṣẹ́ ṣì ń wo ohun tó ń wò tẹ́lẹ̀.

Nípa ti NYSC, ẹni tó ní ND nìkan kì í lọ sìnrú ìlú. Ẹni tó bá ṣe HND lójú mọmọ, ní full-time, ni wọ́n ń pè. Ẹni tó bá ṣe part-time kì í lọ, ìwé pé kò lọ ni wọ́n ń fún un. Ẹ mọ èyí kí ẹ tó san owó, nítorí a ti rí ìyá tó rán aṣọ ẹbí sílẹ̀ de ọjọ́ tí ọmọ á wọ káàkí, tí káàkí ò sì dé.

Nítorí náà, tí ẹnì kan bá sọ pé òun ò fẹ́ kí ọmọ òun jìyà ìyàsọ́tọ̀ yẹn, a kò ní pè é ní aláìmọ̀kan. Ìdí rẹ̀ wà. Ohun tí a ń sọ ni pé ìyàsọ́tọ̀ yẹn kò tó ìdí láti jẹ́ kí ọmọ jókòó sílé lọ́dún mẹ́ta. Ìyàsọ́tọ̀ nǹkan tí a fi ń bá ìjọba jà ni. Ọdún tó bá ti lọ lára ọmọ, ta ni ẹ fẹ́ bá jà nítorí rẹ̀?

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà kì í tijú irú ọ̀nà báyìí. Níbẹ̀, wọ́n ní ohun tí wọ́n ń pè ní community college, ilé-ìwé ọlọ́dún méjì tó wà ládùúgbò. Èyí àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní Joliet, ní ìpínlẹ̀ Illinois, lọ́dún 1901. Ọmọ á ti ilé ìyá rẹ̀ máa lọ, á máa fi ọ̀sán ṣiṣẹ́, á fi alẹ́ kàwé, owó ibẹ̀ kò sì tó ti yunifásítì. Tó bá parí ọdún méjì, ó lè gbé máàkì rẹ̀ lọ sí yunifásítì, kó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún kẹta. Ẹ bi àwọn ẹbí yín tó wà ní Houston tàbí ní Maryland (Maryland ti Amẹ́ríkà là ń wí o, kì í ṣe èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí), ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n mọ Houston Community College tàbí Prince George's Community College. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì tó ń fi dọ́là ránṣẹ́ sílé, irú ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan náà tó ń yangàn pé ọmọ òun ń kàwé l'Amẹ́ríkà, òun ló ń kọ pólì fún àbúrò rẹ̀ tó wà nílé. Ọ̀nà kan náà ni, òkun ló là á láàárín.

Ibi tí àwa ará Kòsọ̀fẹ́ ti ní ẹjọ́ tiwa nìyí. Tí èèyàn bá dúró ní Anthony, tó wo òpópónà Ìkòròdú, apá kan ń lọ sí Fádèyí àti Yábàá, apá kejì ń lọ sí Ọ̀jọ́ta, Kétu, Mile 12, títí dé Ìkòròdú. Fún ọdún púpọ̀, pólì wà ní orí kìíní, pólì wà ní orí kejì. Ti Ìkòròdú, Lagos State Polytechnic ni. Ìsọlọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1977, pẹ̀lú orúkọ Lagos State College of Science and Technology, lọ́dún 1986 ni wọ́n sọ ọ́ ní pólì. Láti ìgbà tí ọkọ̀ BRT ti ń dé Ìkòròdú lọ́dún 2015, ọmọ Kétu lè jí láàárọ̀, kó bá ìyá rẹ̀ pàtẹ, kó sì wọ ọkọ̀ lọ sí kíláàsì, kó padà délé sùn. Kò sí owó yàrá, kò sí owó oúnjẹ ìta.

Ní oṣù kejì ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sọ pólì yẹn di yunifásítì, Lagos State University of Science and Technology. Nígbà kan náà ni wọ́n pa kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ méjì pọ̀, ti Adéníran Ògúnsànyà ní Ìjanikin àti ti Michael Ọ̀tẹ́dọlá ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n sọ wọ́n di yunifásítì ẹ̀kọ́. Wọ́n jó, wọ́n yọ̀. Àwa náà bá wọn yọ̀, nítorí ààyè yunifásítì kéré ní Èkó lóòótọ́, LASU tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1983 kò lè gba gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò bi àwọn ìyá ọlọ́jà pé, tí a bá sọ gbogbo àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ di ti òkè, ibo ni ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gùn á ti gun òkè? Pólì kì í ṣe yunifásítì tí kò dàgbà tó. Iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Ó yẹ kí ìjọba tó ń fi ẹnu sọ pé ìlú nílò àwọn tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ má máa fi gbogbo pólì ṣe yunifásítì, kí wọ́n tún pólì ṣe, kí wọ́n sì dáwọ́ ìyàsọ́tọ̀ HND dúró. Báwọn náà ṣe ń kọ pólì sílẹ̀ báyìí, ṣebí bí àwa ìyá ṣe ń kọ̀ ọ́ náà ni.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa á wá sọ pé kí ni gbogbo wàhálà ìwé yìí sí. Kí ọmọ wá sọ́jà, kó kọ́ ọjà. Wọ́n á rántí Alimotu Pelewura, olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, oníṣòwò ẹja ní Ẹrẹ́kọ̀, tí kò ka ìwé òyìnbó, síbẹ̀ tó kó àwọn obìnrin lẹ́yìn lọ bá ìjọba òyìnbó lórí owó orí lọ́dún 1940, tó tún dojú kọ Captain Pullen nígbà ogun nígbà tó fẹ́ fi agbára sọ iye tí a ó máa ta oúnjẹ. Òótọ́ ni. Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ọdún 1951 ló kú. Ṣùgbọ́n ọjà ayé Pelewura kọ́ ni ọjà tòní. Lónìí, owó ń gba inú fóònù kọjá, NAFDAC ń béèrè nọ́ńbà lára ọ̀rá elùbọ́, ọmọ tó ń ta ata gígún lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti inú yàrá ń gba oníbàárà lọ́wọ́ ẹni tó ní ìsọ̀.

Ẹ wo ti tòmátò. Ẹ̀yin tó wà ní Mile 12, ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ti Òkè Ọya dé, tí a tú apẹ̀rẹ̀, tí èyí tó wà nísàlẹ̀ ti di omi. Ẹni tó sọ owó rẹ̀ nù níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ, kò sì ṣi owó ná. Ohun tí yóò mú kí tòmátò náà pẹ́, bí a ṣe ń gbẹ ẹ́, bí a ṣe ń dì í, bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́, ẹ̀kọ́ ni gbogbo rẹ̀, Food Technology ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń kọ́ ọ ní Yábàtẹ́ẹ̀kì. Ní Òṣòdì, tí kò jìnnà sí Anthony, ni FIIRO wà, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1956, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí bí ẹ̀rọ ṣe lè máa ṣe gàrí. Ọmọ tó bá ka irú kóòsì yẹn, tó lọ ṣe IT níbi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ kàn án, tó padà wá sí ìsọ̀ ìyá rẹ̀, ṣé a lè sọ pé ó kùnà nítorí pé kò wọ kóòtù lọ sí ọ́fíìsì? Bákan náà ni ẹni tó ka ìṣirò owó. Iye wa tó ń tajà láàárọ̀, tó ń náwó lálẹ́, tí kò mọ èwo ni èrè, èwo ni owó ọjà, ẹ jẹ́ ká má kà á.

Nípa owó, kò sí ilé-ìwé tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Lọ́dún 2023, UNILAG gbé owó tí ọmọ ń san láti bíi 19,000 náírà kọjá 100,000. Owó pólì náà ń gòkè, ṣùgbọ́n ọdún méjì la ń sàn án kí ìwé kan tó jáde. Ìyanṣẹ́lódì ńkọ́? Àwọn olùkọ́ yunifásítì ti ìjọba fi bíi oṣù mẹ́sàn-án yanṣẹ́ lódì lọ́dún 2020, wọ́n tún fi oṣù mẹ́jọ yan án lọ́dún 2022. Àwọn ti pólì náà kì í ṣe áńgẹ́lì, wọ́n ti ilẹ̀kùn fún bíi oṣù méjì lọ́dún 2021. Láti ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lówó nípasẹ̀ NELFUND, owó tí kò ní èlé lórí. Wọ́n á san owó ilé-ìwé fún ilé-ìwé fúnra rẹ̀, ẹni tó bá tún béèrè owó ìjẹun lè gba 20,000 náírà lóṣù. Ó kan àwọn pólì ìjọba náà. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó pé kó bá yín ṣe é. Ṣùgbọ́n gbèsè ni gbèsè ń jẹ́, kí ọmọ mọ̀ pé òun ni yóò san án.

Èyí mú wa dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gbẹ́ni tó ń kiri ọjà, tí wọ́n ń sọ pé àwọn mọ ẹnì kan nínú. Ìyá wa kan kó owó àjọ rẹ̀ fún irú wọn, ọ̀gbẹ́ni náà fún ọmọ ní ìwé ìgbaniwọlé tó ní òǹtẹ̀ pupa, ọmọ gbé àpótí dé ẹnu géètì, wọn ò mọ̀ ọ́n rí níbẹ̀. Àwọn mìíràn ní àwọn á mú ọmọ kọjá sí Kùtọnu, pé ibẹ̀ kì í pẹ́. Kò kúkú pẹ́ lóòótọ́! Ní ìparí ọdún 2023, oníròyìn kan fi hàn pé òun gba digirí níbẹ̀ láàárín bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nínú oṣù kìíní ọdún 2024 ìjọba wa sì dá àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Tógò dúró, tí àwọn ọmọ tó kàwé níbẹ̀ tọkàntọkàn fi jìyà pọ̀ mọ́ àwọn tó rà á. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún pólì èyíkéyìí, pàápàá ti aládàáni, ẹ ní kí ọmọ wo orúkọ rẹ̀ lára àwọn tí NBTE fọwọ́ sí, kó sì wo orúkọ kóòsì náà gan-an, torí ilé-ìwé lè ní àṣẹ kí kóòsì kan nínú rẹ̀ má ní.

A ò sọ pé gbogbo ọmọ ni kó lọ sí pólì. Ọmọ tó fẹ́ di dókítà tàbí lọ́yà, tí orí rẹ̀ sì gbé e, pólì kò lè fún un ní ìyẹn, kó tún JAMB ṣe. Àmọ́ kó ní iye ìgbà. Ẹ̀ẹ̀kan sí i, ó dáa. Tó bá wá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kó máa ṣe nǹkan mìíràn lọ́wọ́. Ẹ sì bi ọmọ fúnra rẹ̀. Ó yà wá lẹ́nu pé a máa ń jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwa ìyá, bàbá, ẹ̀gbọ́n bàbá, pásítọ̀ tàbí àlùfáà, a ó pinnu tán kí a tó pe ẹni tí yóò jókòó sí kíláàsì. Ọmọkùnrin kan lọ́jà wa ń tún fóònù ṣe láti ìgbà tó wà ní JSS, ọwọ́ rẹ̀ kò parọ́, gbogbo wa là ń gbé fóònù fún un. Ilé ní Mass Communication ló gbọ́dọ̀ kà ní yunifásítì. Ọdún kejì rèé tó ń ṣe JAMB fún ohun tí kò fẹ́.

Ti àwa ìyá gan-an ńkọ́? Àwọn kan wà nínú wa tí wọ́n ní WAEC tó pé, tí ìgbéyàwó tàbí ikú òbí dá ìwé wọn dúró, tí wọ́n ń bi wá ní kọ̀rọ̀ pé ṣé ó ti pẹ́ jù. Kò pẹ́ jù. Ẹ béèrè kóòsì part-time, ẹ kà á ní ọjọ́ tí ọjà kò fi bẹ́ẹ̀ ná. NYSC kò kàn yín mọ́ tí ẹ bá ti kọjá ọgbọ̀n ọdún, nítorí náà ọ̀rọ̀ káàkí tí a sọ lókè yẹn kò dí yín lọ́wọ́. Ẹni tó bá sì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kó rẹ́rìn-ín, owó yín lẹ fi ń kàwé.

Ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá wà nílé lẹ́yìn WAEC, kó mú ọmọ náà dání, kó mú èsì WAEC àti ti JAMB rẹ̀ wá. A ti bẹ àwọn ìyá tí ọmọ wọn ti jáde ní pólì àti ní yunifásítì pé kí wọ́n mú àwọn ọmọ náà wá jókòó pẹ̀lú wa lẹ́yìn tí a bá parí ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́. Àwọn ọmọ ni yóò sọ̀rọ̀, àwa á gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pẹ́, torí wọ́n máa ń fẹ́ tètè kọ́rí sílé kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀jọ́ta.